Kí àwọn olùkọ́ tó tú àdògán mi ká, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ́kọ́ tú u

Owó póstà iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé síwájú àwọn olùkọ́ ló dùn mí jù. ₦18,000 ni oníṣẹ́ ìtẹ̀wé gbà lọ́wọ́ mi lórí póstà ńlá aláwọ̀ mèremère, kò sì wúlò fún nǹkan kan mọ́. Bẹ́ẹ̀, kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo ti gbé e sórí WhatsApp kíláàsì wa pé kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. "Ó gbóná!" "Ọ̀gá ni ẹ́ jàre." Ẹnìkan ní kí n sọ àkọlé di búlúù. Àfi ìgbà tí olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà wò ó, tó ní: "Níbo ni ẹni tó ń yan gàrí yìí máa jókòó sí?"

Àdògán ìyan gàrí ni iṣẹ́ náà, èyí tí èéfín rẹ̀ ń gba páìpù jáde dípò kó máa fẹ́ sójú àwọn ìyá. Bí mo ṣe yà á, tí mo fi páálí ṣe àwòṣe rẹ̀, kò sí tuntun níbẹ̀.

Gbígba òótọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ni iṣẹ́ gan-an. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ra súyà, ìyìn náà ṣì ni. Ẹnìkan ń sọ pé "ó dáa gan-an" bó ṣe ń tẹ fóònù, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Inú bí mi. Mo bá kó àwọn mélòó kan jọ, mo sọ ọ̀rọ̀ mi láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tí àwọn olùkọ́ máa fún wa, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo ní kí kálukú sọ fún mi: kí ni nǹkan yìí, ta ló máa lò ó, èló ni? Èmi ò sì gbọdọ̀ fèsì. Kíkọ sílẹ̀ nìkan ni tèmi. Ẹ̀yin ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò! Ẹnìkan ní ààrò ẹja ni. Mo gbé e mì.

Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé, òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó rántí ẹ̀. Mo yọ ọ́. Gbogbo ẹni tó ṣe iṣẹ́ lórí gàrí ló ń fi í bẹ̀rẹ̀, ó ti sú àwọn olùkọ́.

Ọmọbìnrin kan tí màmá rẹ̀ ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú ló gbà mí. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó ti àwòṣe náà, ó ṣe bí ẹni mú àkúfọ́ igbá lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń rò ó. Ìgúnpá rẹ̀ gbá páìpù. "Páìpù yìí á jó màmá mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́." Ó tún ní ẹnu ibi ìdáná kéré: bí iná bá ti pọ̀ jù, gàrí á di kókó, igi ni wọ́n máa ń fà jáde kíákíá. Mo gbé páìpù lọ sẹ́yìn, mo fẹ ẹnu ìdáná.

Torí náà, ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé "báwo lẹ ṣe rí i?" Ẹ wá ẹni tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà nílé wọn, ì báà mọ àwòrán yà, ì báà má mọ̀ ọ́n. Ẹ gba ibi tó ti rú wọn lójú, ẹ fi àbá wọn sílẹ̀. Ẹnìkan ní kí n lo gáàsì, bí ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta gáàsì.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí kíláàsì ò bi mí, àwọn olùkọ́ ló bi í: ibo ni wọ́n ti máa kó eérú? Mo nàka sí ẹnu ìdáná tí a ti fẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ àdògán náà.