Bẹ́ ẹ ṣe lè kun Hilux àtijọ́ kó dán
Ẹ gbọ́ o, ọ̀dà kọ́ ló ń jẹ́ kí mọ́tò dán, sánpépà ni. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sánpépà nọ́ńbà 80 (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń le tó) ha gbogbo ibi tó ti dípẹtà títí irin á fi funfun, torí tẹ́ ẹ bá kun ọ̀dà lé e báyẹn, á wú síta ni. Ẹ fi fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò, dí ibi tó wọnú, ẹ fín práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, tó bá gbẹ ẹ fi sánpépà 400 àti omi ha á, ẹ wá dijú kẹ́ ẹ fọwọ́ pa á, ọwọ́ máa rí ohun tójú ò rí. Ẹ má fín in níta nígbà ọyẹ́ o, mo ṣe é rí, bọ́nẹ́ẹ̀tì bíi gàrí! Ọ̀dà fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kílíà, ìyẹn ọ̀dà tí ò láwọ̀, tẹ̀lé e, tó bá gbẹ tán, ẹ fi sánpépà 2000 àti omi ha á, kẹ́ ẹ wá fi kọ́ḿpáǹdì, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà, dán an.