Bí A Ṣe Ń Fi Fíìmù Àwòrán Aláfọwọ́yà Sọ Bí Ogun Àtijọ́ Ṣe Burú Tó

Ọ̀pọ̀ fíìmù kékeré tí wọ́n fọwọ́ yà nípa ogun àtijọ́ kì í ba ènìyàn lẹ́rù. Ẹnì kan á ju idà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ á tú bí omi páìpù tó bẹ́, orí á fò, ọ̀tá mìíràn á sì tún sáré dé. Tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òǹwòran ti ń rẹ́rìn-ín. Tèmi ni pé ìwúwo àti àkókò ló ń jẹ́ kí ìwà ìkà ogun wọ ènìyàn lára. Bí ohun ìjà bá wúwo lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, tí ọgbẹ́ sì gba àkókò tó yẹ kó gbà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti tó.

Ẹ mú ogun kan ṣoṣo

“Ogun àtijọ́” lásán ti fẹ̀ jù. Ẹ mú ìlú kan, ọdún kan, ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì, kí ẹ sì kà nípa wọn títí ẹ ó fi lè sọ ohun tí ọmọ ogun kan wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ láìwo ìwé.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ ni àwòrán Lákíṣì. Ní ọdún 701 ṣáájú ìbí Kristi, Senakéríbù ọba Asíríà dó ti ìlú náà ní ilẹ̀ Júdà, ó sì kó o. Nígbà tó délé, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ogun náà sára òkúta ògiri ààfin rẹ̀ ní Nínéfè. Àwọn òkúta yẹn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, fọ́tò wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n. Àwọn ará ìlú ń ju iná sílẹ̀ láti orí odi. Àwọn tafàtafà ń gun òkè tí wọ́n mọ ti odi. Àwọn ẹbí ń gba ẹnubodè jáde pẹ̀lú ẹrù léjìká. Nítòsí wọn, wọ́n ti gbé àwọn ọkùnrin kọ́ sórí igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Àwọn obìnrin àti ọmọdé jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà lọ sí ìgbèkùn. Ọba ló bẹ iṣẹ́ yìí, kó lè fi yangàn ni. Ẹ̀yin lè yà á láti orí kẹ̀kẹ́ màlúù yẹn, láti ojú ọmọ tó ń wo àwọn tí wọ́n gbé kọ́, ogun kan náà á sì di nǹkan mìíràn pátápátá.

Bí ẹ bá fẹ́ ogun tí kò lọ́ba, tí kò lórúkọ, àfonífojì odò Tollense wà ní àríwá Jámánì. Ní 1996, wọ́n rí egungun apá kan tó yọ létí odò náà, ẹnu ọfà tí wọ́n fi òkúta ṣe ṣì wà nínú egungun ọ̀hún. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ wáyé ní nǹkan bí ọdún 1250 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí egungun ènìyàn tó lé ní 100 níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn mìíràn sì ní ọgbẹ́ àtijọ́ tó ti jinná lára. Ẹni tó ti jà rí, tó yè é, tó tún padà wá: ìtàn ìṣẹ́jú mẹ́ta ti wà níbẹ̀ yẹn.

Bí ẹ ṣe ń kà, ẹ máa wá àwọn nǹkan kéékèèké tí kámẹ́rà lè sún mọ́. Àwọn ará Gíríìkì a máa kọ ọ̀rọ̀ sára ọta òjé tí wọ́n ń fi kànnàkànnà ta. Wọ́n rí èyí tí wọ́n kọ “Gbà á” sí lára. Ẹ ya ọwọ́ tó ń gbẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìjà, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ẹ ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ burúkú kan nínú fíìmù náà.

Ẹ yan ara kan tí a ó máa tẹ̀ lé

Fíìmù kékeré ò lè gbé ogun ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ẹ mú ẹnì kan. Ó máa ń dára kó má jẹ́ akọni, kó má sì wà ní ìlà iwájú. Ọmọ ogun tó wà ní ìlà kẹrin kì í rí ju ẹ̀yìn àṣíborí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lọ, àti eruku. Wọ́n ń tì í láti ẹ̀yìn, òun náà ń ti ẹlòmíì. Igbe ń dún níwájú, kò mọ ti ta ni. Bí ẹ bá yà á bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù á kún inú àwòrán, iṣẹ́ á sì dín kù fún yín, torí orí àti èjìká nìkan lẹ ó máa yà.

Ẹ rántí bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí. Níwọ̀n ìgbà tí asà bá ṣì kan asà, ikú kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí ìlà bá fọ́, tí ẹgbẹ́ kan kẹ̀yìn tó ń sá, ni ìpakúpa máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìdajì àkọ́kọ́ falẹ̀, kó rí gádígádí, kó fún pinpin. Kí ìlà wá tú lójijì, kí ilẹ̀ gbalasa ṣí sílẹ̀, kí ẹni tí a ti ń tẹ̀ lé sì ju asà rẹ̀ nù kó lè sáré. Asà yíká tí àwọn ọmọ ogun Gíríìkì ń lò fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 7. Ẹ jẹ́ ká rí bí èjìká rẹ̀ ṣe fúyẹ́ nígbà tó sọ ọ́ sílẹ̀. A ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà ní ìhòòhò.

Ẹ to ìtàn náà kí ẹ tó ya ohunkóhun

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fíìmù jẹ́ férémù 24, ìyẹn àwòrán adúrójẹ́ẹ́ tó ń tẹ̀ léra. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń lo àwòrán kan fún férémù méjì, ìyẹn àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta á wá jẹ́ àwòrán 2,160, fún ẹnì kan ṣoṣo tó ń mira láìdúró. Ẹni tí kò bá tò ó tẹ́lẹ̀ á ya àwòrán dé ààbọ̀ ọ̀nà, á sì pa á tì.

Ẹ kọ́kọ́ ya ìran kọ̀ọ̀kan ní wéréwéré sínú àpótí kéékèèké lórí bébà. Lẹ́yìn náà, ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìró onígbà díẹ̀, kí ìran kọ̀ọ̀kan dúró bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó. Èyí ni wọ́n ń pè ní animatic. Ẹ fi han ẹni tí kò mọ ìtàn náà, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀ dípò kí ẹ máa wo fíìmù. Ibi tó bá ti wo fóònù rẹ̀, ẹ gé e kúrú.

Ní ti irinṣẹ́, ẹni tó fẹ́ lo bébà nílò àpótí oníná tó ń jẹ́ kó rí àwòrán tó wà lábẹ́ bébà, ọ̀pá tó ní èèkàn kéékèèké mẹ́ta tí ń di bébà mú kí àwòrán má baà yẹ̀, àti ohun tí yóò fi ya fọ́tò wọn. Ẹni tó fẹ́ yà á lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán lè lo áàpù Krita tàbí OpenToonz, ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì.

Bí a ṣe ń ya ìgúnni

Níbí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má kọ́kọ́ yan idà. Ọ̀kọ̀ ni ohun ìjà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun àtijọ́ ń gbé. Ká ní ọ̀kọ̀ fẹ́ gún ẹnì kan lábẹ́ egungun ìhà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á fi gbogbo agbára rẹ̀ sórí ìgúnni náà, bẹ́ẹ̀ ìgúnni ni ó yẹ kó yá jù lọ.

Ẹ pín in báyìí. Ẹ fi àwòrán 8 ya bí agúnni ṣe fa apá sẹ́yìn: ìgbáròkó rẹ̀ á yí ṣáájú, èjìká á tẹ̀ lé e, apá á gbẹ̀yìn. Ẹ fi àwòrán 2 péré ya ìgúnni náà. Ìkejì lè jẹ́ ìlà gígùn kan tí kò jọ apá mọ́. Ojú kì í rí i tán, ara ló máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wá dúró fún àwòrán 4. Ẹ má lo àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin o, ẹ tún ìlà kan náà yà lẹ́ẹ̀mẹrin kó lè máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ná àwòrán 14 sórí yíyọ ọ̀kọ̀ náà, nítorí pé kò ní fẹ́ jáde. Ẹni tí wọ́n gún ti fi ọwọ́ méjèèjì di igi ọ̀kọ̀ mú. Agúnni á fà á, kò ní yọ. Á tún un dì mú, á gbé ẹsẹ̀ lé e ní itan, á tún fà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwòrán 28, ìṣẹ́jú àáyá méjì lé díẹ̀. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwòrán 14 ìkẹyìn yẹn ni òǹwòran kò ní gbàgbé.

Ara tí wọ́n gún kì í fò sẹ́yìn. Ó máa ń ká sórí ibi tí ọgbẹ́ wà. Orúnkún ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀, kí ìdí tó kanlẹ̀, kí orí tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe é fúnra yín níwájú dígí, kí ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀. Ẹ má fi ìmọ̀ràn yìí ṣeré. Ayàwòrán tí kò bá ṣubú rí kì í lè ya ìṣubú.

Ìlà pẹ́ńsùlù fúnra rẹ̀ náà lè sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìlà mọ́, kí asà rí rogodo, kí àṣíborí máa dán. Bí ìjà ṣe ń pẹ́, ẹ dín ìfọ̀mọ́ kù: kí ìlà ìpìlẹ̀ tí ẹ fi to ara máa hàn, kí èédú máa ta bá ojú, kí ìka má pé mọ́. Nígbà tí ìlà bá tú, kó ṣòro láti mọ ibi tí ara ẹnì kan parí sí tí ti ẹlòmíì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀, ẹ̀jẹ̀, ìró

Ẹ lo àwọ̀ ilẹ̀, eérú àti awọ ẹran. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kan afẹ́fẹ́ tàbí yẹ̀pẹ̀ máa ń ṣókùnkùn kíá, nítorí náà pupa tó ń tàn yòò irọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ lo pupa gidi, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìró ń ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Àwọn oníṣẹ́ ìró máa ń ṣẹ́ igi ẹ̀fọ́ celery tútù kó lè dún bí egungun, wọ́n sì máa ń gún kábéèjì lọ́bẹ kó lè dún bí ẹran ara. Ẹ fi èémí kún un, èémí ẹni tó ti rẹ̀, nínú àṣíborí. Ẹ yọ orin kúrò lábẹ́ ìpànìyàn. Orin máa ń sọ fún òǹwòran ohun tó yẹ kó rò, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ọjọ́ kejì

Ohun tí wọ́n sábà máa ń gé kúrò ni èyí, mi ò sì gbà pẹ̀lú wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 216 ṣáájú ìbí Kristi, Hannibal, ọ̀gágun Carthage ní Àríwá Áfíríkà, yí àwọn ọmọ ogun Róòmù ká ní Cannae ní gúúsù Ítálì. Òpìtàn àtijọ́ Polybius sọ pé nǹkan bí 70,000 ló kú nínú wọn, Livy tí òun náà jẹ́ òpìtàn ní wọ́n tó 48,000. Àmọ́ ohun tí Livy kọ nípa òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló yẹ kí ayàwòrán kà. Ó ní òtútù òwúrọ̀ ta àwọn kan jí nínú òkú, bí wọ́n ṣe ń dìde ni wọ́n ń pa wọ́n. Àwọn tí wọ́n ti gé iṣan ẹsẹ̀ wọn na ọrùn pé kí wọ́n bá àwọn parí rẹ̀. Wọ́n rí àwọn mìíràn tí wọ́n ti gbẹ́ ihò, tí wọ́n ki orí bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ bo ojú ara wọn. Wọ́n fa ọmọ ogun Numidia kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà fún Hannibal, jáde láàyè lábẹ́ òkú ará Róòmù kan. Imú àti etí rẹ̀ ti ya. Ọwọ́ ará Róòmù náà kò lè di ohun ìjà mú mọ́, ló bá fi eyín jà títí ó fi kú.

Ẹ ya ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí. Kí kámẹ́rà má mira, kó jìnnà díẹ̀, kí àwọn tí ń bọ́ ẹ̀wù irin lára òkú máa kọjá bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ fún un ní ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò fíìmù náà.

Kí ẹ tó gbé e jáde

Ẹ wò ó láìsí ìró, kí ẹ tún gbọ́ ìró rẹ̀ láìwo àwòrán. Ẹ ka iye ọ̀tá tó ní ojú: bí ẹgbẹ́ kan bá lójú tí èkejì kò ní, ẹ padà lọ yà á fún wọn. Ẹ kọ ìkìlọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù pé kì í ṣe fún ọmọdé. Ẹ má sì ya ìran ìpànìyàn ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ẹ máa fi ìran ojú ọ̀run, ẹṣin, tàbí ibùdó là á, torí ojú tó bá ti wo ọgbẹ́ kan náà pẹ́ jù kì í mọ̀ mọ́ bóyá ó ti pọ̀ jù tàbí kò tíì tó.