Ẹ̀yin alásè òde àríyá ní England, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀bẹ inú mọ́tò

Tí ẹ bá ń gbé ọ̀bẹ lọ dáná òde àríyá ní England tàbí Wales, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ kó o sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé e sí búùtù, kí ẹ sì kó o kúrò nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Òfin 1988 (Criminal Justice Act) gbà kéèyàn gbé ọ̀bẹ tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹni tó gbé e ló máa fi ẹ̀rí hàn, kì í ṣe ọlọ́pàá. Torí náà, àtẹ̀jíṣẹ́ oníbàárà tó ní déètì àti àdírẹ́sì gbọ̀ngàn kò gbọdọ̀ kúrò lórí fóònù yín. Ọjọ́ kejì ni wàhálà sábà máa ń wọlé: iṣẹ́ ti tán, ọ̀bẹ ṣì wà lábẹ́ àga. “Mo gbàgbé” nìkan kì í gbani sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 4. Ọ̀bẹ kékeré tó ṣeé ká, tí ojú rẹ̀ kò ju ínǹṣì 3 lọ, kò nílò àlàyé bí kì í bá ṣe ìjà lẹ gbé e fún. Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń há pa tí wọ́n bá ti ṣí i kò sí lára rẹ̀ o, bó ti wù kó kéré tó. Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ yẹ ara yín wò, ẹ bi í pé kí ló ń wá àti kí ló fà á, kí ẹ sì béèrè àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò náà kó tó pé oṣù 3. Àmọ́ níbi tí ọ̀gá wọn bá ti fọwọ́ sí Section 60, ìyẹn àṣẹ àyẹ̀wò fúngbà díẹ̀ ládùúgbò kan, wọn ò nílò ìfura kankan kí wọ́n tó yẹ yín wò.