Bí mo ṣe to ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá fún ètò orin rọ́ọ̀kì lórí rédíò

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò gùn rárá: ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́fà nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn orin rọ́ọ̀kì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, tí màá fi Yorùbá sọ lórí rédíò láàárín àwo orin méjì. Ẹ̀gbọ́n tó ń darí ètò náà ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é tipẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá báyìí ni kí ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà gbọ́ ọ, kó má sì yí rédíò kúrò níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tí mo rí jọ. Àwọn tó ń ṣe irú káláńdà yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, wọ́n sì máa ń da gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ra: wọ́n bí lágbájá, àwo tàmẹ̀dò jáde, ọlọ́pàá mú làkáṣègbè pẹ̀lú igbó. Ọjọ́ ìbí ni mo kọ́kọ́ fagi lé. Kí ló kan ìtàn rọ́ọ̀kì nínú ọjọ́ tí ìkókó kan ké ní ilé ìwòsàn, tí kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ gìtá? Ọjọ́ tí àwo jáde ló tẹ̀ lé e, torí pé àwo kan náà lè jáde ní Lọ́ńdọ̀nù kó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé Amẹ́ríkà, èwo wá ni ká mú?

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń yẹ ọjọ́ wò, ibẹ̀ ló sì gba àkókò jù. Ẹ wo Kurt Cobain, olórin ẹgbẹ́ Nirvana. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1994 ni òṣìṣẹ́ iná mànàmáná kan rí òkú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Seattle, àmọ́ àwọn tó yẹ òkú náà wò sọ pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ 5 ni wọ́n ń fi ṣe ìrántí rẹ̀. Ẹ tún wo Jimi Hendrix, onígìtá, ní àríyá orin Woodstock. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1969 ló yẹ kí àríyá yẹn parí, ṣùgbọ́n òjò àti ìdádúró fà á gùn, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18, ni Hendrix tó gun orí ìtàgé, nígbà tí ọ̀pọ̀ èrò ti kó ẹrù wọn lọ sílé. Nítorí náà, gbogbo ìlà tí mo bá rí ni mò ń bi léèrè: ṣé ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ nìyí, àbí ọjọ́ tí ìwé ìpolówó sọ pé á ṣẹlẹ̀, àbí ọjọ́ tí ìròyìn rẹ̀ jáde? Èyí tí kò bá rí ìdáhùn, mo yọ ọ́ dànù.

Ohun tó ṣẹ́kù kò pọ̀, inú mi sì dùn sí i bẹ́ẹ̀.

Ti ọdún 1966 ni mo fi ṣíde. Ọjọ́ yẹn ni òfin tó sọ oògùn olóró LSD di èèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní California. Kàkà kí àwọn ọ̀dọ́ San Francisco bínú, ńṣe ni wọ́n kóra jọ sí Panhandle, ìyẹn ilẹ̀ tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Golden Gate Park, tí wọ́n ń jó. Grateful Dead kọrin níbẹ̀, Big Brother and the Holding Company náà kọrin, ẹgbẹ́ tí Janis Joplin ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ lọ́dún yẹn. Ìpàdé ńlá tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní 1967, tí wọ́n pè ní Human Be-In, inú irú èyí ló ti jáde. Gbólóhùn mẹ́rin tó o.

Ti Eddie Van Halen, onígìtá, ló nira láti sọ, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni, rédíò kò sì ní ojú. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ló kú ní Santa Monica, ẹni ọdún 65, lẹ́yìn tó ti bá àrùn jẹjẹrẹ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wolfgang ọmọ rẹ̀ ló kéde rẹ̀. Amsterdam ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ jẹ́ olórin ará Holland, ìyá rẹ̀ sì wá láti Indonesia. Ọdún 1962 ni wọ́n kó lọ sí Pasadena ní California. Báwo ni màá ṣe sọ ohun tó ṣe sí gìtá fún ẹni tí kò rí i? Mo kọ ọ́ báyìí: ọwọ́ ọ̀tún tó yẹ kó máa ta okùn nísàlẹ̀, ó gbé e gòkè wá bá ọwọ́ òsì lórí ọrùn gìtá, ó wá ń fi ìka ọwọ́ méjèèjì gbá okùn mọ́ igi, tí ohùn fi ń yára jáde ju bí ọwọ́ kan ṣe lè ta á lọ. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dán irú ẹ̀ wò, òun ló jẹ́ kí gbogbo ayé máa gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá wọn. Orin «Eruption» tó ti ṣe é ní 1978 kò ju ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 42 lọ, ìyẹn sì bá mi lára mu. Mo wá fi ohun tí gbogbo ilé mọ̀ kún un: gìtá tó ń han nínú «Beat It» ti Michael Jackson, Eddie ló ta á, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ọdún kan géérégé ṣáájú ikú rẹ̀, ọjọ́ Àìkú 6 oṣù Kẹwàá 2019, ni Ginger Baker, onílù, kú ní ilé ìwòsàn kan ní Canterbury, ẹni ọgọ́rin ọdún. Ibí yìí ni mo ti bínú sí àwọn oníkáláńdà. Ẹgbẹ́ Cream ni gbogbo wọn kọ: Baker, Eric Clapton àti Jack Bruce, láti 1966 sí 1968. Òótọ́ ni. Ìlù ńlá méjì tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì lù náà, òótọ́ ni. Ìbínú rẹ̀ tí kò fẹ́ra kù náà, wọ́n kò gbàgbé. Èkó ni wọ́n fò.

Bẹ́ẹ̀ Èkó kì í ṣe ibi tó kàn yà sí. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni Phil Seamen, onílù jáàsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti fi àwo ìlù Áfíríkà hàn án. Ó ti mọ Fẹlá láti Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú, nígbà tí Fẹlá ń kẹ́kọ̀ọ́ orin níbẹ̀. Lọ́dún 1971 ó wa Range Rover gba inú aṣálẹ̀ Sahara wá sí Nàìjíríà, tí oníkámẹ́rà ń tẹ̀ lé e. Ọdún yẹn náà ni àwo tí òun àti Fẹlá pẹ̀lú Africa '70, ẹgbẹ́ Fẹlá, jọ ṣe ní sìtúdíò Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù jáde, Tony Allen onílù Fẹlá ní ẹ̀gbẹ́ kan, Baker ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó wá kọ́ sìtúdíò kan sí Ìkẹjà, ARC. Nígbà tí Paul McCartney, ọmọ ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun wá gba orin sílẹ̀ ní Èkó ní 1973, sìtúdíò EMI ní Àpápá ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lọ sí ti Baker fún orin kan, òun fúnra rẹ̀ sì ń mi agolo òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹgbẹ́ Salt tí Baker dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu bá wọn kọrin ní Munich lọ́dún 1972, nígbà eré Òlíḿpíìkì. Berkley Jones tó ń ta gìtá àti Laolu Akins tó ń lu ìlù wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò, àwọn àti Mike Odumosu dá BLO sílẹ̀, rọ́ọ̀kì gidi, gìtá tó ń hó, láti Èkó. Ó wù mí kí ọmọdé tó ń gbọ́ wa mọ̀ pé nǹkan yìí ti wà nílé kí bàbá rẹ̀ tó dàgbà. Mo fún Baker ní ìdajì gbogbo àkókò tí mo ní.

Johnny Nash, olórin ará Amẹ́ríkà, ló fa àríyànjiyàn. Ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Eddie ló kú, ní Houston, ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀gbọ́n wo ìwé mi, ó ní, «Ìwọ, rẹ́gẹ̀ lèyí jàre.» Mo ní, «Ẹ̀gbọ́n, òun ló ran Bob Marley lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lókè òkun.» A fi gbólóhùn kan sílẹ̀ fún un.

Kíkà á sókè ló tún un ṣe. Gbogbo ibi tí èémí mi ti ń tán, mo gé e sí méjì. Ọdún tó pọ̀ jù nínú gbólóhùn kan, mo yọ ọ̀kan nínú wọn, torí ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò lè padà lọ kà á. Orúkọ ẹgbẹ́ olórin tó gùn, mo pè é lẹ́ẹ̀kan, mo wá ń pè é ní «wọn».

Àwo ló kù. «Eruption» ló ṣíde, ìyẹn kò ní wàhálà. Fún ìparí, mo mú «Ye Ye De Smell» láti inú àwo Fẹlá àti Baker. Ẹ̀gbọ́n ní orin yẹn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àti pé Afrobeat ni, kì í ṣe rọ́ọ̀kì. Mo ní onílù Cream ló wà lórí ìlù, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n gbà. Nígbà tí ètò parí, àwọn tó pè wá lórí fóònù kò bèèrè Cream, wọn ò bèèrè Van Halen. BLO ni wọ́n ń bèèrè, ibo ni àwọn ti lè rí i gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ti ní kí n wá ọjọ́ kan fún wọn nínú káláńdà.