Ìdun ni o, kì í ṣe Bíngó

Oṣù kan gbáko ni ajá mi, Bíngó, fi sùn síta nítorí ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo wa ń họra nínú ilé, ni Ìyá Sùmbọ̀ tó wà ní yàrá kejì bá ní, "Ajá yín ni o." Mo lé e síta. A ṣì ń họra. Ìgbà tí mo gbé fóòmù ọmọ mi dìde ni mo tó rí ìdun ní ojú rírán rẹ̀. Àga àlòkù tí mo rà ló gbé wọn wọlé.

Ibi tó ti jẹ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Iná ajá, èyí tó máa ń fò pọ́ún yẹn, kì í sábà kọjá ojúgun, torí ilẹ̀ ló ti ń fò, kò sì ní ìyẹ́. Òru ni ìdun ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀: apá, ọrùn, ẹ̀yìn, ibikíbi tí aṣọ ò bá bò, nígbà míì á tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ojú ibi tó wú nìkan ò tó ẹlẹ́rìí. Ìdun kan náà ló jẹ èmi àti bàbá àwọn ọmọ. Tèmi wú bí ẹ̀wà, tiẹ̀ ò tiẹ̀ hàn. Kòkòrò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Bó bá jẹ́ ajá lẹ fura sí, ẹ tẹ́ tíṣù funfun sílẹ̀, kí ẹ mú òòyà eléyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ya iná orí, kí ẹ yà á nídìí ìrù ajá. Ohun dúdú wínníwínní á já sórí tíṣù. Ẹ kán omi sí i. Iyẹ̀pẹ̀ á dúdú síbẹ̀. Àmọ́ bó bá ṣàn pupa, ìgbẹ́ iná ajá ni, ẹ̀jẹ̀ tó mu ló yà jáde. Bíngó ò ní ẹyọ kan. Ẹ tún lè wọ sọ́ọ̀sì funfun gígùn kí ẹ rìn káàkiri yàrá: wọ́n á fò mọ́ ọn. Bí ẹ bá mú un, ìka ò ní pa á, àfi èékánná.

Fún ìdun, tọ́ọ̀ṣì lóru ni. Ojú rírán fóòmù, oríkèé igi bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn àga. Ó pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ bí obì gbígbẹ, àgbà rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 7 lọ. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ rí i, ẹ ó rí àmì dúdú tó dà bí ìgbà tí bírò kán sílẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó fi yàrá náà sílẹ̀ títí ebi á fi pa á o. Ó lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Ti eégbọn ò le. Kì í fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, etí ajá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń so mọ́, bó bá yó á wú, àwọ̀ rẹ̀ á sì dà bí eérú. Ẹ lè rí i tó ń gun ògiri, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ èèyàn. Ẹ fà á yọ tààrà láti ìdí. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ̀tápíápíá sí ẹran lára. Ẹni tó bá sì ní ológbò, kó má fi oògùn ajá kùn ún: permethrin, èròjà apakòkòrò tó wà nínú àwọn kan, lè pa á.

Bíngó ti padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, Ìyá Sùmbọ̀ wá yá tọ́ọ̀ṣì mi.