Ẹ Má Tíì Ra Ẹ̀rọ PCR Yẹn: Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Tó Ń Dá Yàrá Àyẹ̀wò DNA Sílẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tún pè mí pé òun fẹ́ dá yàrá àyẹ̀wò DNA sílẹ̀, kí n wá bá òun wo ẹ̀rọ PCR tí òun rà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ DNA bíńtín di púpọ̀ kó lè ṣeé yẹ̀ wò. Ó ti rà á o! Ilé tó fẹ́ gbé e sí kò sì tíì lórùlé. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

1. Ẹ̀rọ lónìí, iná tó bá yá. Àṣìṣe àgbà rèé, mo sì ti jẹ nínú ẹ̀. Lọ́dún kan, ìsinmi Iléyá so mọ́ òpin ọ̀sẹ̀, a ti ilẹ̀kùn pa lọ́jọ́ Ẹtì. NEPA mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ tan fúnra rẹ̀, ó ṣe dáadáa, títí dísù fi tán ní ìdájí Sátidé. Fírísà wa tó ń tutù dé -80 °C ní aago ìkìlọ̀, aago náà sì ké. Inú yàrá títì ló ti ń ké. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò agbádá mi, níbi tí mo ti ń fa ẹran àgbò ya. Nígbà tí a padà dé, omi ti ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ṣí fírísà: àwọn páálí kékeré ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, nọ́ńbà tí a kọ sí wọn lára ti yọ́ pọ̀ bí aró. Ẹ̀jẹ̀ tí a fi ọdún méjì gbà lọ́wọ́ àwọn aláboyún nìyẹn. Ta ló fẹ́ padà lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún na apá?

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó dísù ọdún kan gbáko. Kí aago ìkìlọ̀ máa pe fóònù èèyàn mẹ́ta. Bó bá jẹ́ Iléyá, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Bó bá di Kérésìmesì, ẹ yí i padà.

2. Ara páálí kátíríìjì GeneXpert tí a fi ń yẹ ikọ́ ife wò, wọ́n kọ ọ́ pé 2 sí 28 °C ni kí ẹ tọ́jú ẹ̀ sí. Oṣù Kẹta ní Ìbàdàn kì í ṣe 28.

3. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́. Àwọn kan máa ń fúnni ní ẹ̀rọ tó jẹ́ pé oúnjẹ ilé ẹni tó ṣe é nìkan ló ń jẹ. Kẹ́míkà rẹ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun nínú dry ice (gáàsì tí a mú dì bíi yìnyín), àwọn aṣọ́bodè á ní ìwé kan kù. Tiwa lo ọjọ́ mọ́kànlá ní pápákọ̀ òfurufú. Dry ice ti di afẹ́fẹ́ lọ pátápátá, páálí fúyẹ́ bí ìyẹ́, ohun tó yẹ kó wà ní -20 °C ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. A lò ó bẹ́ẹ̀ torí owó ti lọ. A ò rí nǹkan kan.

Ẹkẹta nìyẹn àbí ẹkẹrin? Ẹ bá mi kà á.

Ẹ má ṣí ike PCR tó ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ sórí tábìlì tí ẹ ti ń po kẹ́míkà. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni omi lásán, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀, fi ń ṣàìsàn lọ́dọ̀ mi: bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ á ní àrùn wà nínú ẹ̀. Mo bú ẹni tó ta kẹ́míkà fún wa. Aṣọ funfun tí èmi fúnra mi ń wọ̀ láti yàrá kan bọ́ sí èkejì ló ń kó DNA kiri. Mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Kábínẹ́ẹ̀tì ààbò, tó yẹ kó dá kòkòrò àrùn dúró kó má bàa kan òṣìṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, àpótí tó ń fẹ́ atẹ́gùn lásán ni.

Ẹ má rán ẹnìkan ṣoṣo lọ kọ́ṣẹ́ ní Jámánì. Ẹ rán mẹ́ta: ọ̀kan á jápa, ọ̀kan á gba iṣẹ́ báǹkì.

Gbogbo àwọn tó fẹ́ dá yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ ló ń tọ́ka sí ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá àrùn ní Redeemer's University, Ẹdẹ, tó ka àbùdá kòkòrò Covid jáde ní oṣù Kẹta 2020, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Áfíríkà. Wọn kì í bèèrè iye ọdún tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti fi bá ibà Lassa yí ní Irrua, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, kó tó dìgbà náà. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, àwọn tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò ti wà nílẹ̀ ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ní Redeemer's University. Ní 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹni tó pè mí yẹn, mo bi í pé ta ni yóò máa lo ẹ̀rọ náà. Ó ní òun á wá ẹnìkan. Mo ní kó kọ́kọ́ kan òrùlé.