Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Bréènbọ́ọ̀sì àti Wáyà Nígbà Tí A Bá Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì

Ẹni tí ó bá fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ rọ́pò èyí tí ó kú nínú ọkọ̀ rẹ̀ máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí bí mẹkáníìkì bá ti dè é mọ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú mìíràn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu bóyá bréènbọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí ẹ́ńjìnnì) tí ó bá a wá ni yóò máa darí rẹ̀, tí rewáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, yóò sì so wáyà rẹ̀ mọ́ ti ọkọ̀, tàbí a ó ra standalone, ìyẹn bréènbọ́ọ̀sì tí kò mọ ọkọ̀ kankan tẹ́lẹ̀, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà alágbèéká kọ́ ní iye epo tí yóò tú àti ìgbà tí plọ́ọ̀gì yóò ta iná.

Àṣìṣe tí ó ń náni lówó jù ni èyí tí a ń ṣe níbi tí a ti ń ra ẹ́ńjìnnì. Nítorí pé a fẹ́ dín owó kù, a máa ń gba ẹ́ńjìnnì nìkan, òǹtajà á sì gé wáyà rẹ̀ nítòsí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí a tó sanwó, kí a béèrè fún bréènbọ́ọ̀sì rẹ̀ gan-an, wáyà rẹ̀ láìgé, pẹ́dàlì ìtẹ̀ná bí ó bá jẹ́ èyí tí ń lo wáyà iná dípò kébù, àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pẹ̀lú òrùka tí ó ń ka kọ́kọ́rọ́ náà nídìí suwíìṣì. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bí bréènbọ́ọ̀sì kò bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò dáhùn díẹ̀, yóò sì kú. Mo ti rí i ní Adó-Èkìtì tí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, tí wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, tí ó sì jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ni bréènbọ́ọ̀sì ń wá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ wáyà bá ti sú máa ń sáré lọ sídìí standalone, bóyá Haltech, Link tàbí MegaSquirt, bí ẹni pé rírà rẹ̀ nìkan ti tó. Òun náà nílò wáyà, ó sì tún nílò ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń tò ó, ìyẹn bí a ṣe ń kọ́ ọ ní iye epo àti ìgbà iná, pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ wideband nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì, èyí tí ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo hàn. Bẹntiróòlù ń jó tán nígbà tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ìlọ́po 14.7 ti epo. Bí ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo bá ń fa ẹrù wúwo, a máa ń fi epo kún un títí yóò fi wà láàárín 12.5 sí 13. Níbí gan-an ni ó yẹ kí ará Èkìtì ti ṣọ́ra, nítorí pé ọkọ̀ tí wọ́n tò lórí títì tí ó tẹ́jú, láìsí ẹrù nínú rẹ̀, kò tíì dé apá ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá gbé iṣu gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè nínú oòrùn. Bí epo kò bá tó níbẹ̀, tàbí tí plọ́ọ̀gì bá tètè ta iná jù, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kan-kan (knocking), písítìn á sì lè yọ́. Bí gíà bá sì jẹ́ èyí tí ń yí fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ standalone kò lè darí rẹ̀ láìjẹ́ pé a ra ẹ̀rọ mìíràn kún un.

Ní ti wáyà, ẹ má ṣe gbà fún rewáyà tí ó bá sọ pé òun ti mọ àwọ̀ wáyà sórí. Àwọ̀ máa ń yàtọ̀ láti ọdún sí ọdún, kódà lórí ẹ́ńjìnnì kan náà, nítorí náà àwòrán wáyà tí ó bá nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ọdún rẹ̀ mu ni kí ó fi ṣiṣẹ́. Fólítì 5 ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń gbà láti inú bréènbọ́ọ̀sì. Bí fólítì 12 bá ṣèèṣì kàn án, ó lè ba sẹ́ńsọ̀ àti bréènbọ́ọ̀sì jẹ́ pọ̀. Wáyà ẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ padà sínú bréènbọ́ọ̀sì, kì í ṣe sára páànù ọkọ̀. Wáyà sẹ́ńsọ̀ kiránkì kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kóìlì kọjá. Lílọ́ wáyà pọ̀ kí a sì fi tépù dì í kò lè pẹ́ nínú òjò wa.

Lójú tèmi, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, bréènbọ́ọ̀sì tirẹ̀ ni kí ẹ lò. Standalone yẹ ẹni tí ó fi turbo sí i, tí ó pààrọ̀ kámù, tàbí tí kò lè rí bréènbọ́ọ̀sì rẹ̀ rà mọ́, tí ó sì ti rí ẹni tí yóò tò ó kí ó tó sanwó rẹ̀.